Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìpàdé Inú Awò VR

  

Ẹ ó rántí pé nígbà tí a wà ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa dìde, ó sì dá àbá kan. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti kó lọ sí Èkó, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àgbà kan kò sì lè gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn wa mọ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ ra awò kan báyìí tí wọ́n ń dé sójú, tí ènìyàn yóò fi jókòó sí ilé rẹ̀, tí yóò sì dà bí ẹni pé ó wà nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú wa. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá kan láti ìsọ̀ àwọn aláṣọ wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi tí ojú mi ò ríran dáadáa mọ́ ńkọ́? Awò wo lẹ fẹ́ dé fún mi?" Kò sí ẹni tí ó rí èsì fún un. Ni alága bá ní kí àwa akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí á kọ ọ́ bí ẹ̀kọ́ oṣù yìí kí ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún tó dé, nítorí níbẹ̀ ni a ó ti dìbò bóyá a ó ná owó ẹgbẹ́ sí i tàbí a kò ní ná an.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ìlú mọ́lé, orí fóònù ni a ti ṣe ìpàdé wa. Àwọn tí kò ní fóònù ńlá kò wọlé. Àwọn tí dátà wọn tán ní àárín ìpàdé jáde láìdágbére. Níbi ìpàdé yẹn gan-an ni a sì ti fẹnu kò lórí ọjọ́ tí a ó gba ìwé ẹ̀yáwó kẹ́yìn. Nígbà tí ọjà ṣí, àwọn kan wá bá wa pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́, ọjọ́ ti kọjá. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ wà lára wọn. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń dá owó rẹ̀ déédéé, kò jẹ gbèsè rí. Kò bá wa jà. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Akọ̀wé, ẹ ṣe ìpàdé, ẹ ò pè mí." A pè é o, a fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a ṣí kì í ṣe èyí tí ìyá náà lè gbà wọlé. Àwa ni a jẹ̀bi, a kò dá fóònù lẹ́bi. Ìdí nìyí tí a kò fi fẹ́ fi eré mú ọ̀rọ̀ awò yìí.

1. KÍ NI NǸKAN NÁÀ GAN-AN?

Àwọn òyìnbó ń pè é ní virtual reality, wọ́n sì ń gé e kúrú sí VR. Ní èdè tiwa, a lè sọ pé ó jẹ́ ibi tí ojú rí, tí etí gbọ́, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò dé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ di ojú kan, kí ẹ wá gbìyànjú láti ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ ó rí i pé ó ṣòro. Ìdí ni pé ojú wa méjèèjì kò sí ní ojú kan náà. Olúkúlùkù wọn ń rí nǹkan láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ọpọlọ ni ó ń pa àwòrán méjèèjì pọ̀, tí ó fi ń mọ èyí tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó jìnnà. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Charles Wheatstone ni ó fi èyí han aráyé ní ọdún 1838. Ó ya àwòrán méjì tí ó yàtọ̀ díẹ̀ síra, ó fi ọ̀kan síwájú ojú ọ̀tún, ó fi ìkejì síwájú ojú òsì, àwòrán pẹlẹbẹ sì dìde bí ohun tí ènìyàn lè gbá mú.

Ní ọdún 1968, Ivan Sutherland, ẹni tí ó wà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà nígbà náà, so irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn bá yí orí, àwòrán náà yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹrù ohun èlò náà wúwo débi pé láti òkè àjà ni wọ́n ti so ó kọ́. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó di ohun tí ènìyàn lè rà. Ní ọdún 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Palmer Luckey, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ àwọn ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dá owó fún awò kan tí wọ́n pè ní Oculus. Owó tí wọ́n rí lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ní ọdún 2014, Facebook ra ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá owó àkọ́kọ́ kò ní ìpín kankan nínú owó ńlá náà, nítorí pé ọjà ni wọ́n san owó fún, wọn kò ra ìpín. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oníbàárà àti ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Láti ọdún 2019 ni irú èyí tí kò nílò wáyà tàbí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wà, tí wọ́n ń pè ní Quest. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2023, Quest 3, lé díẹ̀ ní ìdajì kílò. Ó ní ojú kékeré kéékèèké lára tí ó fi ń mọ ibi tí ẹni tí ó dé e kọjú sí, ó ní ohun èlò fún ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń tún àwòrán yà ju ìgbà àádọ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yà á, òòyì ni yóò kọ́ ẹni tí ó dé e.

2. BÍ WỌ́N ṢE Ń FI ṢE ÌPÀDÉ

A ó mú àpẹẹrẹ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn onímọ̀ VR ní àpérò kan lọ́dọọdún tí a mọ̀ sí IEEE VR. Ti ọdún 2020 ni wọ́n fẹ́ ṣe ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta. Kòrónà dé, kò sí ẹni tí ó lè rìn. Wọ́n kó gbogbo àpérò náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé tí wọ́n lò fún ìfojúkojú ni èyí tí ń jẹ́ Hubs, tí àjọ Mozilla ṣe.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ní àwòrán-arọ́pò, ìyẹn ère kékeré kan tí ó dúró fún un. Bí ó bá yí orí nílé, àwòrán rẹ̀ yóò yí orí nínú ìpàdé. Ohùn náà sì jẹ́ ohun ìyanu. Bí ẹ bá sún mọ́ ẹnì kan, ohùn rẹ̀ yóò ròkè. Bí ẹ bá jìnnà sí i, yóò lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ṣòro fún yín. Ní ìpàdé orí fóònù, ẹnì kan ṣoṣo ní í sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́ bí ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n nínú ọjà, ẹni mẹ́ta ń nájà níhìn-ín, ẹni mẹ́rin ń kíra lọ́hùn-ún, ẹ̀yin lè kọjá láti ọ̀dọ̀ àwọn ti ìhín sí ọ̀dọ̀ àwọn ti ọ̀hún. Ìpàdé inú VR dá irú ìyẹn padà. Lẹ́yìn ìpàdé wa, kì í ṣe orí àga ni a ti ń yanjú ìjà àti gbèsè. Ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí àwọn méjì ti fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóònù kò ní ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù wá jù nínú àpérò náà kì í ṣe awò. Ó jẹ́ pé wọn kò fi dandan lé e pé kí gbogbo ènìyàn dé awò. Ẹni tí ó ní awò gba ọ̀nà awò wọlé. Ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lásán lè wọ yàrá kan náà láti ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wọ yàrá kankan lè wo àwọn olùbánisọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lè kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ níbi ìjíròrò alákọsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ VR gan-an ni wọ́n pe ìpàdé yìí o! Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí àwọn tí ń ta awò kò bá ti ọ̀nà yòókù, àwa tí a kò tíì rà á kò gbọdọ̀ tì í.

Yàtọ̀ sí èyí, yàrá kan nínú Hubs kò lè gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹni 25 ni ó ń gbà dáadáa. Wọ́n ní láti pín àwọn ènìyàn sí yàrá kéékèèké. Ẹgbẹ́ tiwa yìí, tí a bá pé jọ tán, yàrá mélòó ni a ó nílò?

3. ÀWỌN TÍ Ó Ń MÚ WỌLÉ

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á ṣe bí ẹni pé kò sí èrè nínú nǹkan yìí. Ó ń mú àwọn kan wọlé tí gbọ̀ngàn wa ti ń tì síta fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Nínú VR kò sí àtẹ̀gùn. Ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àti ẹni tí ó lè sáré dọ́gba.

Ìkejì ni ẹni tí ó jìnnà. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò fíísà láti jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀.

Ìkẹta ni ohun tí ó yà wá lẹ́nu. A rò pé odi kò lè rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé VR ńlá kan tí ń jẹ́ VRChat, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Helping Hands, àwọn odi àti àwọn tí ń gbọ́ràn jọ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ àwòrán-arọ́pò kọ́ ara wọn ní èdè ọwọ́. Ohun èlò ọwọ́ náà kì í jẹ́ kí gbogbo ìka ṣí bí ó ṣe yẹ, nítorí náà wọ́n tún àwọn àmì kan ṣe kí wọ́n lè yé ara wọn. Kò sí ọ̀gá kan tí ó ṣe é fún wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n jókòó, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún ìwà ara wọn ṣe. Alájẹṣẹ́kù ni ìyẹn náà, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

4. ÀWỌN TÍ Ó Ń TÌ SÍTA

Ẹ wá jẹ́ kí á dá màmá aláṣọ lóhùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran kò ní rí àga, kò ní rí ẹnu ọ̀nà, kò sì ní mọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bí ẹni náà kò bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé VR ni kò ní ohùn tí yóò máa ka ohun tí ó wà níwájú fún un. Fóònù tí a ń pè lásán sàn fún màmá wa ju awò lọ.

Lẹ́yìn náà ni òòyì. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan gbà wá láyè kí á dé awò náà wò. A sọ̀ kalẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ó dára, a ń wò yíká. Nígbà tí a wá tẹ ohun tí yóò mú wa rìn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òógùn fi bò wá, èébì sì fẹ́ gbé wa. Olùkọ́ náà ṣàlàyé fún wa pé ojú ń sọ fún ọpọlọ pé a ń rìn, inú etí ń sọ pé a jókòó. Ẹlẹ́rìí méjì kò fohùn ṣọ̀kan, ara ni ó san owó ìtanràn. Bí ènìyàn bá jókòó sójú kan, tàbí tí ó bá ń fò láti ibì kan sí òmíràn dípò kí ó máa rìn, òòyì náà máa ń dín kù.

Ìwọ̀n ojú tún wà. Ààyè tí ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì kò dọ́gba lára gbogbo ènìyàn. Quest 2, tí ó jáde ní ọdún 2020, ní ibi mẹ́ta péré tí a lè tún un sí: mìlímítà 58, 63 àti 68. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré tàbí tí ó bá tóbi ju ìyẹn lọ, àwòrán náà kò ní mọ́ lójú rẹ̀, orí sì lè máa fọ́ ọ. Àwọn obìnrin ni èyí máa ń kàn jù, nítorí pé ti ọ̀pọ̀ wọn kéré ju ti ọkùnrin lọ. Ẹgbẹ́ wa sì rèé, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi gèlè kún un, ẹ fi irun dídì kún un, ẹ fi awò-ojú ìwòsàn kún un. Ìyálọ́jà wo ni yóò tú gèlè rẹ̀ nítorí ìpàdé?

Àwọn tí wọ́n ní wárápá pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Àwọn tí wọ́n ṣe awò náà fúnra wọn kọ ìkìlọ̀ sára ìwé rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́ yìì lè gbé e dìde. Kí ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ rí dókítà kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Owó ńkọ́? Èyí tí ó rọjú nínú àwọn Quest, tí ń jẹ́ Quest 3S, bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 299 ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Bí a bá ra 20, ó di dọ́là 5,980, a kò tíì ka owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Ẹ fi iye tí dọ́là bá jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń ka èyí sọ ọ́ di náírà, kí ẹ wá fi wé owó ẹ̀yáwó tí a yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dún tí ó kọjá. Bátìrì rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ. Ìpàdé tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ńkọ́?

5. ÀBÒ NÍNÚ ILÉ

Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ìwàkiwà kò ní ṣaláì sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Meta, orúkọ tí ilé iṣẹ́ Facebook ń jẹ́ báyìí, ṣí ilé VR rẹ̀ tí ń jẹ́ Horizon Worlds fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé àwọn kan ń sún mọ́ àwòrán-arọ́pò àwọn láìyẹ, wọ́n ń fi ọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn kan ní àwòrán lásán ni, kí ni ó ń dùn wọ́n? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dé awò náà rí, bí irú wa, mọ̀ pé bí ẹnì kan bá sún mọ́ ènìyàn níbẹ̀, àyà á já. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n fi ààlà kan sí i, tí kò jẹ́ kí àwòrán-arọ́pò méjì súnmọ́ra ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí a mọ odi kí a tó kó wọlé. Ẹni tí ó bá pe ìpàdé ní láti yan olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tí àwọn ènìyàn lè ké sí, tí ó sì ní agbára láti mú oníwàkiwà jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

6. ILÉ ONÍLÉ

Ohun kan tún wà tí ó ká wa lára. Ilé VR kan wà tí ń jẹ́ AltspaceVR. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìjọ, àwàdà, àpérò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Microsoft rà á ní ọdún 2017. Nígbà tí ó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2023, Microsoft ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Hubs tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ńkọ́? Mozilla pẹ̀lú ti tirẹ̀ pa ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀: ìlànà tí a fi kọ́ Hubs wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò, nítorí náà àwọn kan lè gbé e, kí wọ́n sì máa bá a lọ. Ti AltspaceVR kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìsọ̀ lọ́wọ́ onílé rí, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ tún ìsọ̀ ṣe, ẹ kun ún lọ́dà, oníbàárà mọ ibẹ̀, ọjọ́ kan onílé ní òun fẹ́ gba ilé òun. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti ṣe ìpàdé, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti ìwé owó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wa, lórí ìwé, nínú àpótí wa.

7. Ọ̀RỌ̀ ÌBÒ

Nígbà tí àwọn ènìyàn 28 dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844, òfin kan tí wọn kò fi ṣeré ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan. Olówó kò ní ju ìbò kan lọ. Àjọ àwọn alájẹṣẹ́kù àgbáyé tún kọ àwọn ìlànà náà ní ìlú Manchester ní ọdún 1995: ìkíní ni pé ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ṣí sílẹ̀ láìṣe ojúsàájú, ìkejì ni pé ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ni àṣẹ.

Nínú VR, ta ni ó wà lẹ́yìn àwòrán-arọ́pò? Ọmọ lè gbé awò bàbá rẹ̀ wọ̀. Ẹnì kan lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá sì ní kí kìkì àwọn tí wọ́n ní awò dìbò, a ti sọ owó di ìwé ìwọlé, a sì ti ba òfin Rochdale jẹ́ láìmọ̀. Èrò wa ni pé a lè jíròrò nínú awò, a lè kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, a lè fi ọjà han ara wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìbò àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó má ṣe wáyé níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kò ti lè wọlé.

8. BÍ A BÁ FẸ́ ṢE É, BÁWO NI A Ó ṢE ṢE É?

Àwọn ìlànà tí a kó jọ nìyí. Wọ́n wúlò fún ìpàdé orí fóònù pẹ̀lú.

(i) Kí á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ohun tí wọ́n nílò, kí á tó yan ẹ̀rọ. Kí á béèrè lọ́wọ́ odi, afọ́jú, arọ àti àgbà fúnra wọn. Kí á má bá wọn rò ó.

(ii) Kí ẹnu ọ̀nà má dín ní mẹ́ta: awò, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, àti ìpè lásán tí kò nílò dátà.

(iii) Kí ẹnì kan máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́, fún àwọn tí kò gbọ́ràn. Ẹ̀rọ tí ń kọ ọ̀rọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, nítorí náà ọmọ ènìyàn ni kí ó ṣe é.

(iv) Kí olùbánisọ̀rọ̀ máa sọ ohun tí ó wà nínú àwòrán, fún àwọn tí kò ríran. Kí ó má sọ pé "ẹ wo èyí". Kí ó sọ ohun tí "èyí" jẹ́.

(v) Kí á jókòó. Kí awò má pẹ́ lójú ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí á tó sinmi. Kí ojúlé jíjáde ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí òòyì bá kọ́, láìsí ìtìjú.

(vi) Kí á ṣe ìdánwò ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò rí ẹni kọ́ ọ.

(vii) Kí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà wà, kí gbogbo ènìyàn sì mọ orúkọ rẹ̀.

(viii) Kí àkọsílẹ̀ ìpàdé jáde ní Yorùbá láàárín ọjọ́ méje, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí ààyè àtúnṣe sì wà.

ÀBÁ TIWA

A kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ṣe é. A sọ pé kí á má ra ogún. Kí á yá ọ̀kan tàbí méjì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ ẹ̀kọ́ kan, kí àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà jọ dé e wò, kí á gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Owó tí ó kù, kí á fi ṣe àtẹ̀gùn onígẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa, kí á sì ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tí ẹni tí ó pè wá láti òkèèrè yóò fi gbọ́ gbogbo wa. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí, ìbò kan ni ó ní, ìbò kan náà ni àwa náà ní.

Lẹ́yìn tí a kọ gbogbo èyí tán, a lọ sí ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́. A ṣàlàyé awò fún un, a sọ ti Atlanta fún un, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa. A ní, "Màmá, kí ni ẹ fẹ́ kí á ṣe fún yín nígbà tí ìpàdé bá tún bọ́ sórí fóònù?" Ó ní, "Ẹ rán ọmọ kan tí ó ní fóònù wá síbí. Á jókòó tì mí. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, màá gbọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbé e súnmọ́ mi lẹ́nu." A ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láti oṣù tí ń bọ̀, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yan ọmọ ẹgbẹ́ kan tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́ sí wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Àwọn wo nínú ọmọ ẹgbẹ́ ìsọ̀ yín ni wọn kò wá sí ìpàdé mẹ́ta tí ó kọjá? Ṣé wọn kò fẹ́ wá ni, tàbí wọn kò lè wá?

2. Èwo nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni a lè ṣe nínú awò láìfi ẹnikẹ́ni sílẹ̀? Èwo ni kò gbọdọ̀ kúrò nínú gbọ̀ngàn?

3. Bí ilé tí a ti ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, kí ni a ó pàdánù?

Kí alága ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú èsì wọn wá ní kíkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé gbogboogbò. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó wá sọ ọ́ fún wa, a ó bá a kọ ọ́.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.